Ọwọ́ Òkèlè Lójú Títì Ìkòtún

Láti bí ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni etí mi ń gbọ́ láti inú yàrá Bùsáyọ̀, ọmọ ọmọ mi: báísíkù. Á sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà sínú fóònù rẹ̀, á dákẹ́, á pòṣé, á tún bẹ̀rẹ̀. Báísíkù, báísíkù, bí ẹyẹ tí kò ní ju orin kan lọ. Ó fẹ́ lọ òkè òkun, ìdánwò kan sì wà tí wọ́n á ti jókòó tì í, wọ́n á ní kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn gbọ́. Wọ́n ní ó lè kàn án láti sọ nípa kẹ̀kẹ́ tó gùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọmọ tí a bí sí Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò nìkan ló mọ̀, níbo ló ti fẹ́ gun kẹ̀kẹ́?

"Màmá, mi ò ní nǹkan tí mo máa sọ," ló wí. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Mo ní èmi ní. Èmi tí mi ò jókòó nínú kíláàsì rí. Mo ní kó mú bírò, kó máa kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́, kó má bá mi tún nǹkan kan ṣe.

Ìgándò là ń gbé nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé Ìgándò tí ẹ mọ̀ ni mò ń wí o. Igbó ni, oko ẹ̀gẹ́ ni, ilé fọ́nká bí àgbàdo tí adìẹ tàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá, káfíńtà ni. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé, òórùn pákó tútù kì í sì í kúrò lára aṣọ bàbá wa bí a ti wù ká fọ̀ ọ́ tó. Ohun iyì rẹ̀ kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ dúdú kan, gíga bí ẹṣin, agogo rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìyá mi ní ti obìnrin kọ́. "Ọmọbìnrin tó bá ya ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, ta ni ó fẹ́ ẹ?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù ti kọ́ mi ní bòókẹ́lẹ́, lọ́nà odò. Díẹ̀ báyìí ló fi jù mí lọ; mi ò kì í pè é ní bọ̀dá àfi tí ẹ̀rù bá ń bà mí. Ohun tó gbà lọ́wọ́ mi ni pé kí n máa bá a pọn omi tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tólẹ̀ láti orí ìjókòó, abẹ́ irin àárín ni mo ń ti ẹsẹ̀ kan bọ̀, ara mi á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí akàn. "Má wo kòtò o," ló máa ń wí. "Ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ." Mo ń wo kòtò ṣá. Orúnkún mi rèé, ẹ wá wò ó.

Ìgbà yẹn náà ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀, tó ti ń gba apá òsì látayé òyìnbó, bọ́ sápá ọ̀tún. Rédíò ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Bàbá wa kó wa jọ, ó na ọwọ́ sókè: "Apá ọwọ́ òkèlè ni o! Ẹni tó bá gba apá kejì, ọkọ̀ á pa á." A rẹ́rìn-ín. Lọ́nà oko Ìgándò, èwo lọ̀tún, èwo lòsì? Koríko ló wà níhìn-ín, koríko ló wà lọ́hùn-ún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìdánwò ìwé mẹ́fà Ràfíù dé, ní ilé ìwé kan ní Ìkòtún. Bàbá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé bí èyí bá fò ó, kò sí ọdún mìíràn. Ayùn ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Ràfíù ò sì fẹ́ràn ayùn. Ìwé layé rẹ̀. Ọ̀la ni ìdánwò, òní ló fẹsẹ̀ gún ìṣó lára pákó. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀hún ti wú bí iṣu. Bàbá wa ò sí nílé. Ọ̀gá kan tó ń kọ́lé ní Ayọ̀bọ̀ ti fi ọkọ̀ wá gbé òun àti irinṣẹ́ rẹ̀ ní ìdájí. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló fara ti igi máńgòrò.

Ràfíù tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ké. Ó jókòó, rúlà àti pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún, ó kàn ń wo oòrùn tó ń gòkè. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo kẹ̀kẹ́. Ló bá kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ iná tó ti ń jó dáadáa.

"Èmi ò rí nǹkan kan o," ló wí. "Ẹ tètè, jàre."

Ràfíù jókòó sẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síta bí igi. Ọ̀nà oko ò burú. Ṣùgbọ́n bí a ti yọ sí títì ọlọ́dà, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, rọ́bà bíréèkì sì ti jẹ tán. Bàtà ni bàbá wa fi ń dá kẹ̀kẹ́ náà dúró. Èmi ò wọ bàtà. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sáré kọjá agbára mi.

"Bọ̀dá, ẹ dì mí mú o!"

Nígbà tó gbọ́ bọ̀dá, ó mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Láìfura, apá òsì ni mo wà, níbi tí mo ti ń rí bàbá wa gbà láti ìgbà tí mo ti lójú. Típà oníyanrìn kan yọ nísàlẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà sí wa, nítorí apá wa yẹn gan-an ni ọ̀tún tirẹ̀. Ó ń fọn fèrè láìdẹ́kun.

"Ọwọ́ òkèlè!" Ràfíù pariwo. "Ọwọ́ òkèlè! Yà!"

Mo gbọ́. Mo mọ ọwọ́ tó ń wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ti gan mọ́ irin, ojú mi lẹ̀ mọ́ iwájú típà náà, ibi tí ojú sì ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ó sún mọ́ wa débi pé mo rí eyín awakọ̀. Ràfíù ti ń pe Ọlọ́hun.

Ẹ̀rù ló gba awakọ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀rù dá a padà sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́: ó já ọkọ̀ sápá òsì tirẹ̀, típà kọjá lára wa fìì, yanrìn dà lé wa lórí bí òjò. Àwa náà wọ inú koríko lọ, a ṣubú lé ara wa. Ká ní mo gbọ́ràn sí Ràfíù lẹ́nu ni, ká ní mo yà sápá ọwọ́ òkèlè, abẹ́ táyà là bá bá ara wa.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Ọmọ burúkú! Ṣé wọn ò ní rédíò nílé yín ni? Ọ̀tún ni wọ́n ní ká máa gbà!"

Ràfíù gbọn yanrìn kúrò lára pẹ́ńsù rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ yín wà."

Ọkùnrin náà yíjú wò ó. Apá òsì, gbangba. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó jọ ẹkún, ó jókòó sínú koríko pẹ̀lú wa. "Orí mi ò sùn lónìí," ló ń wí. "Orí mi ò sùn." Nígbà tó gbọ́ pé ìdánwò là ń lọ, ó wo ẹsẹ̀ Ràfíù, ó wo oòrùn, ó yí típà padà. Ó fi Ràfíù, akọ̀wé wa, síwájú, ó kó èmi àti kẹ̀kẹ́ sórí yanrìn. Wọ́n ti ń ti géètì nígbà tí a dé. Ó fọn fèrè títí wọ́n fi ṣí i.

Ràfíù yege. Iṣẹ́ ìwé ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí bàbá wa dé, ó wo irin ìdarí kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́, ó wo ìyá mi. Ìyá mi ní òun ò rí nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá wa tú ìdè ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dáadáa, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ mi tólẹ̀.

Títì ọ̀hún ti fẹ̀ báyìí. Ilé epo ló wà níbi koríko wa, àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ ò sì mọ̀ pé apá òsì la ń gbà rí. Ràfíù ò gbàgbé ní tirẹ̀. Títí Ọlọ́hun fi pè é, tó bá dé ẹnu ọ̀nà mi ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí, kì í kanlẹ̀kùn. Á ké pé, "Ọwọ́ òkèlè!" Èmi á dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Mi ò yà!" Àtìgbà tó ti lọ ni ẹnu ọ̀nà náà ti dákẹ́.

Àárọ̀ àná ni Bùsáyọ̀ lọ ṣe ìdánwò rẹ̀. Bóyá wọ́n bi í nípa kẹ̀kẹ́ ni, bóyá nǹkan mìíràn ni, kò tíì fẹ́ sọ, èsì ò sì tíì dé. Nígbà tó ń jáde lọ, mo jókòó sí pálọ̀, mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé géètì. Ó dúró níbẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan ni.

"Ọwọ́ òkèlè!" ló ké.

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀.