Ohùn Ìyá Aláró Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Àìsàn ló jẹ́ kí n pẹ́ wọ yunifásítì wa l'Abẹ́òkúta. Kí n tó débẹ̀, oníkálukú ti rí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń rìn. Èmi nìkan ni mo ń wọlé, tí mo ń jáde.

Olùkọ́ wa wá ní kí a lọ gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Méjì-méjì ló pín wa. Èmi ni mo ṣẹ́ kù.

Bàbá tó ń yá wa ní rẹ́kọ́dà ṣí ìwé ńlá rẹ̀.

"Orúkọ ẹnìkejì rẹ ńkọ́?"

"Kò sí ẹnìkejì, sà."

"Ẹni méjì ló gbọdọ̀ fọwọ́ sí i."

 Ó fọwọ́ tirẹ̀ sí àyè ẹnìkejì, ó sì gbé rẹ́kọ́dà àti kásẹ́ẹ̀tì kan fún mi. Ó kọ aago méjì ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún mi ní láàbù, kí n lè gbọ́ ohun tí mo bá gbà. Ó ní tí olùkọ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, àwọn máa pa ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ fún ẹlòmíràn.

Mo gba Kẹ́mta, àdúgbò kan nínú ìlú, lọ. Mo bá ìyá arúgbó kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tó ti ń pa aṣọ láró, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

"Àrẹ̀dú o, Ìyá." Mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí aláró.

Ó fa àpótí fún mi, ó sì sọ̀rọ̀ títí kásẹ́ẹ̀tì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ sílé. Gbogbo ìjókòó láàbù ṣófo. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá, mo ń kọ ọ́: bí a ṣe ń gún ewé ẹlú, bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìbéèrè tó bi mí.

"Ta lẹ jọ ń gbé ní yunifásítì yẹn, ọmọ mi?"

Nínú kásẹ́ẹ̀tì, omi ń kán láti ara aṣọ. Adìyẹ kan ń ké.  Ohùn mi wá jáde, ó tín-ín-rín: "Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi ni, mà."

"Ó dáa. O ṣáà ti mọ ọ̀nà ilé mi báyìí."

N kò gbọ́ ìyẹn létí nígbà tó sọ ọ́. Rẹ́kọ́dà ni mo ń tẹjú mọ́. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò kọ ibẹ̀ yẹn sínú iṣẹ́ tí mo fún olùkọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Wọ́n ti pa ohùn inú rẹ̀ rẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo padà sọ́dọ̀ Ìyá ní Kẹ́mta.

"Ẹ̀rọ rẹ dà?"

"Mo ti dá a padà, mà."

"Ó dáa. Di etí aṣọ yìí mú."

Bí a ṣe ń fún aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn. Ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin kan tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí wo èékánná mi tí aró ti sọ di dúdú, ó ní kí ló ṣe mí lọ́wọ́. Mo sún ìwé mi kúrò lórí bẹ́ǹṣì kó lè jókòó.