Má-rún-un àti áyọ́ọ̀nù eédú rẹ̀

Alágbàfọ̀ ni àbúrò mi obìnrin. Má-rún-un ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ti lọ aṣọ tán, tó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́, ohun tó máa sọ nìyẹn: "Má rún un o." Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin kan tó fẹ́ wọ aṣọ náà sí òkú bàbá rẹ̀ lọ́rùn.

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì gígùn, okùn tó ń kọ́ aṣọ sí, àpò eédú lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹyin iná inú áyọ́ọ̀nù bá ti ń kú, á gbé e sókè, á fi ẹnu fẹ́ ẹ: fúù, fúù. Èmi ni mo ń ká aṣọ fún un.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe fẹ́ná tán, áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ pariwo, ọ̀rọ̀ ò jáde. Kò pẹ́, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. A ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó tún ṣẹlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní áyọ́ọ̀nù náà ló wúwo jù, ó ra èyí tó fúyẹ́ wá. A yìn ín. Àṣé epo la ń bù síná. Áyọ́ọ̀nù kékeré kì í pẹ́ tutù, ó wá di pé kó máa fẹ́ ẹ ṣáá. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójoojúmọ́.

Dókítà obìnrin kan ya àwòrán orí rẹ̀. Ó ní àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ń dí. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n. Àwọn iṣan tíntìntín ti hù láti gba iṣẹ́ wọn ṣe. Bí èéfín ni wọ́n rí nínú àwòrán.

"Ẹ ò rí i," Má-rún-un ní. "Èéfín ṣọ́ọ̀bù ló tẹ̀lé mi wá síbí."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní fífẹ́ tó ń fẹ́ná léraléra ló ń jẹ́ kí iṣan orí tún fún sí i. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ọwọ́ ò ní jí mọ́, ọ̀rọ̀ sì lè lọ pátápátá.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, wọ́n á mú iṣan kan láti ẹ̀bátí, wọ́n á dá agbárí lu, wọ́n á rán an mọ́ iṣan ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ á gbabẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ya dé lójijì sì lè da ọpọlọ láàmú. Èkejì, wọn ò ní rán iṣan kankan. Wọ́n á tẹ́ ẹran ẹ̀bátí lé ọpọlọ, á máa ta iṣan tuntun bíi gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Ó ń gba oṣù gbọọrọ. Ó máa ń mú lára ọmọdé. Lára àgbà, ó lè má mú.

Mo ní, "Èkejì ni kí wọ́n ṣe. Ta ló ń fi abẹ́rẹ́ kan ọpọlọ?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ máa bá mi di ọwọ́ mú títí á fi ta gbòǹgbò?"

"Bí wọ́n bá ṣì í rán ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ń ṣi aṣọ ká. Ṣé mo lé yín ni?"

Mo bi dókítà pé tó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ńkọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. "Bàbá, ọwọ́ wọn ń kú lójoojúmọ́, a ò lè dúró. Màá rán an. Màá tún tẹ́ ẹran lé e, bí ọ̀kan bá já wa kulẹ̀, ìkejì á wà. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Mo gbà," àbúrò mi ní. "Irun mi ńkọ́?"

"Apá kan la máa fá, Mà."

"Ẹ fá gbogbo ẹ̀. Mi ò fẹ́ dà bí aṣọ tí wọ́n lọ̀ dé ìdajì."

Wọ́n ṣe é. Ó jí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbéra, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tuntun ló dé, ká jẹ́ kó rọlẹ̀. Èmi àti ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ẹ̀rù ń ba kálukú wa.

Ó di ọjọ́ mélòó kan, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó di apá ẹ̀wù mi mú. Ẹnu rẹ̀ wúwo.

"Ta ló rún un?"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún.

"O ò sí nílé," mo ní. "Ta ló fẹ́ bá mi lọ̀ ọ́?"

Wọ́n ti tún àwòrán yà. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ojú ibi tí wọ́n rán, ẹran tí wọ́n tẹ́ náà ti ń ta gbòǹgbò. Ó ṣì ń lo oògùn, wọ́n ṣì ń ṣọ́ apá kejì orí. Ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí tábìlì rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ńlá ló ń lò, kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í fi ẹnu fẹ́ná mọ́. Èmi ni mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní mò ń fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.