Abọ́ Bàbá Dáre

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Màmá kò jẹun mọ́."

Bùnmi, ìyàwó Tíṣà Dáre, ló fi ohùn ẹkún pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Baṣírí ni wọ́n ń gbé, níbí ní Adó-Èkìtì. Mo gun ọ̀kadà, mo sì ń bá ọlọ́kadà jà títí a fi débẹ̀, nítorí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń yà kí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní apá ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, àwọn ilé tí àgbà ti ń ṣarán ni wọ́n ń rán mi lọ. Kì í ṣe àgbà náà nìkan ni mò ń tọ́jú níbẹ̀, àwọn ará ilé gan-an ni mò ń kọ́. Àìsàn iyè-rírà ni mo máa ń pè é fún wọn. Bí o bá gbàgbé ibi tí o fi gíláàsì ojú rẹ sí, máa wá a, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá mú gíláàsì náà lọ́wọ́, tí o kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́, ó tó kí á lọ rí dókítà. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, bí ẹsẹ̀ tàbí ojú ṣe máa ń ṣàìsàn. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí débi pé ọkọ mi lè kà á lójú oorun.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni ìdánwò. Àlejò á wọlé, kò ní í tíì kí Màmá tán tí yóò fi máa bi í pé, "Màmá, ta ni mí? Ẹ dárúkọ mi!" Bí Màmá bá ń wò ó lójú, àlejò náà á mi orí, á pòṣé. Èmi a sì bi í pé ṣé ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ni Màmá wá ṣe ni. Dárúkọ ara rẹ fún un: "Màmá, èmi Bùnmi ni, mo bu omi wá fún yín." Ó parí, kò sẹ́ni tí ojú tì.

Ìgèdè-Èkìtì ni ìyá Tíṣà ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni òun àti Bàbá Dáre ti dáko. Nígbà tí Bàbá kú, tí iyè Màmá sì ń rà, Tíṣà lọ mú un wá sí Adó. Nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo rí i pé egungun èjìká Màmá ti yọ lábẹ́ bùbá. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò láti eyín dé inú, kò rí ohun tó ń dí oúnjẹ lọ́nà.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó," ni Bùnmi wí. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bu omi ìfọwọ́ fún un.

Màmá wo oúnjẹ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Dáre ńkọ́? Ṣé ó ti toko dé ulé?"

Tíṣà gbé gíláàsì rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. "Màmá, Bàbá ti kú. Ó ti pẹ́. Ẹ wà níbi tí a ti sin wọ́n."

"Yéè! Ọkọ mi kú? Ọkọ mi kú, ẹ ò sì sọ fún mi nínú ulé yìí?" Màmá ká ọwọ́ lérí, ó ṣí gèlè, ó bú sẹ́kún. Ta ni í jẹ iyán lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú? Oúnjẹ tutù síbẹ̀. Bùnmi ní bí yóò ṣe rí nírọ̀lẹ́ náà nìyẹn: Màmá á ti gbàgbé, á tún béèrè, Tíṣà á tún dá a lóhùn.

Mo mú Tíṣà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ kí ìyá yín di opó ọkọ kan ṣoṣo?"

"Nọ́ọ̀sì, díákónì ni mí. N kò lè máa purọ́ fún ìyá mi." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ebi ni yóò pa ìyá mi nínú ilé tí èmi ti ń jẹun."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ ọmọ òkété bí wọ́n ṣe ń fún un lọ́mú?

"Ta ló ní kẹ́ ẹ purọ́?" mo ní. "Bó bá béèrè Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ Bàbá. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń jẹun nílé yín ní Ìgèdè?"

Ó ní, "Màmá kì í jẹun kó tó bu ti Bàbá. Á bù ú, á fi àwo dé e, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí Bàbá bá tiẹ̀ pẹ́ lóko, Màmá lè wá jẹ tirẹ̀. Bí Bàbá bá sì jẹun tán, wọ́n á fi ẹran sí ìdí abọ́ fún mi." Ó yíjú wo inú ilé.

Èmi náà wo inú ilé. Láti ìgbà tí Màmá ti dé Adó, Bùnmi kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò. Ìyàwó rere ni, ó ń kẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Àpọ́nlé náà ló sì gba ìgbakọ lọ́wọ́ Màmá.

"Bùnmi, gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá síwájú Màmá, pẹ̀lú abọ́ méjì," mo ní bí a ti padà wọlé.

Ó fọwọ́ lé àyà. "Kí Màmá máa bu oúnjẹ fúnra wọn, témi wà níbẹ̀? Kí làwọn èèyàn á wí?"

"Èèyàn wo? Àwọn tó ń wá bi í pé ta ni mí?"

Màmá ti gbàgbé ẹkún. Ó gba ìgbakọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ó gé iyán, ó fi omi pa á lára títí ó fi dán. Ó ṣa ẹran tó dáa jù nínú ọbẹ̀. "Ta ló gún uyán yìí?" ló béèrè. "Ó ní kókó." Bùnmi bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá fi àwo dé abọ́ àkọ́kọ́, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá bu tirẹ̀.

"Bàbá Dáre pẹ́ lóko lónìí," ó wí.

Gbogbo wa wo Tíṣà. Ó ní, "Màmá, irú iṣu wo ni Bàbá máa ń gbìn?"

Bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀ iṣu ló ń jẹun. Ó jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́. Díákónì kò purọ́ kankan.

Mo kìlọ̀ fún wọn pé àìsàn yìí kì í padà sẹ́yìn, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìgbakọ náà kò ní í ṣiṣẹ́, a ó sì tún wá ọgbọ́n mìíràn. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá ilé kan mu kì í sábà bá èkejì mu. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn ilé yẹn jọjọ.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ dágbére fún wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ti kún, ṣùgbọ́n kò mọ Tíṣà mọ́ rárá. "Ọ̀gá" ló ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò. Lọ́jọ́ náà, ó bu oúnjẹ, ó dé ti Bàbá, ó jẹ tirẹ̀ tán. Bùnmi sọ fún mi ní jẹ́jẹ́ pé bí Màmá bá sùn lòun máa ń gbé abọ́ Bàbá padà sí ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n Màmá kò sùn. Ó tẹjú mọ́ Tíṣà níbi tó jókòó sí, ó wò ó pẹ́. Ó wá ṣí abọ́ Bàbá, ó sì gbé e síwájú rẹ̀.

"Ùwọ, jẹ ẹ́," ó ní. "Bàbá rẹ fi ẹran sílẹ̀ fún ọ."

Tíṣà, tòun ti ewú orí rẹ̀, dìde lórí àga. Ó fọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán. Kò bi í pé ta ni òun.