Ìbọn Tí Bàbá Mi Yìn ní Bọ́mà

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, ìbọn bàbá wa di tèmi. Ìbọn ìléwọ́ ni. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń pè é ní ṣakabùlà, ṣùgbọ́n ṣakabùlà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé e wá sílé mi ní Bódìjà nínú páálí bàtà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà, ara mi kò balẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé àwọn tí ìbọn náà pa ní ogun Bọ́mà kò lóǹkà. Èmi nìkan ni mo sì ń gbé ilé, èmi àti àwọn òkú wọ̀nyẹn.

Bàbá fúnra wọn kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Mo yìnbọn ní Bọ́mà, àwọn ọkùnrin sì sáré.”

Nígbà tí mo di tíṣà, mo tún un ṣe fún wọn. “Bàbá, ẹni tí ìbọn ń lé, sísá ló ń sá. ‘Wọ́n sá’ lẹ ó wí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, tíṣà. Wọ́n sáré.”

Kí n tó gbé e lọ fún ọlọ́pàá, mo fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ sójà kan ní ìjọ wa tó ti fẹ̀yìn tì kó wá wò ó. Ó wo gbogbo ihò ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wá ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ ẹnu ìbọn. Kò wọlé.

“Ṣé ìpẹtà ló dí i ni?”

“Rárá o, Màmá. Wọn ò dá ẹnu ẹ̀ lu láti ilé iṣẹ́ wá. Ọta ò lè gbabẹ̀ jáde láéláé, ariwo lásán ló ń pa.” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìbọn eré ìje rèé, èyí tí wọ́n ń yìn kí àwọn eléré ìje lè gbéra! Àwa náà sáré sí i ní bárékè. Ta ló ní ó pààyàn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n yín mà dára o! Ẹ jẹ́ ká ṣì gbé e lọ fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ajé.”

Nígbà tó lọ tán, mo yọ páálí náà kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e sórí àga tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí nígbà tó bá wá kí mi. Òun nìkan ni ì bá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi pa mí lẹ́rìn-ín. Mo dìde dúró gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe ní kíláàsì.

“Wọ́n sáré ni,” mo wí. “Bàbá ló gbà á, èmi ni mo ṣì í.”