Wọ́n Ní Àbúrò Mi Sinmi

Àbúrò mi, òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí mọ́tò gbá ọ níwájú ọsibítù tí o ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Aago méjì ọ̀sán ni, ojú ọ̀nà mọ́ kedere. Awakọ̀ tó gbá ọ kò sá lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé òun tẹ fèrè títí, pé ńṣe lo ń bọ̀ bí ẹni tó ń sùn. Mo gbà á gbọ́. O ti lo wákàtí mẹ́rìndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ láìfi ẹ̀yìn lélẹ̀. Oorun lo ń sùn lóòótọ́.

Ìwọ ni mò ń kọ èyí sí, àmọ́ mo fún ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, torí àwọn tó yẹ kó dá mi lóhùn kì í ka lẹ́tà tí irú wa bá fi ránṣẹ́.

Ọdún méje lo fi lépa iṣẹ́ yìí. Ìwé dídì niṣẹ́ tèmi, ìwé tó bá ya ni mo máa ń tún rán. N kò lè ka àwọn ìwé rẹ, àmọ́ mo mọ ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún èyí tó nípọn jù dì. Mo bi ọ́ pé ṣé o ń kà á ni àbí o ń bá a jà, o ní ìwé náà ló kọ́kọ́ nà ọ́. Ọdún tí ẹ ń kọ́ nípa egungun, ìyá wa ò lè nawọ́ mú iyọ̀ kí o má gbá ọwọ́ wọn mú, kí o máa ka egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní kí wọ́n má jẹ́ kí o débi tí òun bá sùn sí, kí o má baà ka òun tán kí o ní ọ̀kan kù. Bí orúkọ Aka-egungun ṣe mọ́ ọ lára nìyẹn. Ọdún kẹta, o fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan. O ti ilẹ̀kùn mọ́ra fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí o jáde, ìwé kan ló wà lábẹ́ apá rẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, o ní kí n bá ọ dì í.

Ó wá ku ọdún tó kẹ́yìn, èyí tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nínú wọ́ọ̀dù, kí ọ̀gá náà tó buwọ́ lù ú pé ó kúnjú ìwọ̀n. Bí kò bá buwọ́ lù ú, gbogbo ọdún ìyókù di òfo. Oṣù kan ààbọ̀ ló kù fún ọ. O pè mí, o ní ó rẹ̀ ọ́, pé o wo ojú aláìsàn tí o ti ń tọ́jú láti ọ̀sẹ̀ kan, o ò rántí orúkọ rẹ̀. Kí ni mo sọ? Mo ní o ti jẹ màlúù tán, ìrù ló kù, kí o fara dà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ń korò lẹ́nu mi dòní.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà àwọn ọ̀gá ọsibítù dé. Wọ́n fi ìlà kan bá wa kẹ́dùn. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní o sinmi bó ṣe yẹ kí o tó wọṣẹ́, nítorí náà àìṣọ́ra ara rẹ ló pa ọ́. Kí ìyá wa wá buwọ́ lù ú pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá wa bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní àìṣọ́ra.

Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì kò yájú sí mi. Ó fún mi ní àga, ó sì fa ìwé ìsinmi yọ. Òfin ni pé kí dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ tó wọlé, kó buwọ́ lù ú pé òun ti sun wákàtí mẹ́jọ, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Ọwọ́ rẹ ni lóòótọ́. Mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ fojú ara yín rí i, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kò sọ́jọ́ tí kò sinmi."

Mo wò ó dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù tó kọjá lo kú. Mo fi ìka lé ìlà kejìlá.

"Ta ló buwọ́ lu èyí?"

Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú. Ọjọ́ kejìlá, o ti sun wákàtí mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹtàlá tí a sin ọ́, o ti sun wákàtí mẹ́jọ. O ń sinmi lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọgbọ̀nọjọ́. Ó pa ìwé náà dé, ó ní ọ̀gá àwọn wà nípàdé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n máa ń kó gbogbo yín sí yàrá ìpàdé, kí ẹ buwọ́ lu ọgbọ̀n ìlà lẹ́ẹ̀kan, kó má baà máa dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ̀, ọ̀gá ò ní rí bíírò tí yóò fi buwọ́ lu ìwé tirẹ̀ nígbà tí ọdún bá parí. Ó ní àwọn ti buwọ́ lu toṣù yìí náà.

"A tiẹ̀ máa ń fi ṣàwàdà, ẹ̀gbọ́n. A máa ń ní a ti sùn dé ìparí oṣù."

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti wọṣẹ́. Ó ní àárọ̀ ìjẹta. Mo di apá rẹ̀ mú títí a fi sọdá títì.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọsibítù, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún méje lẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yìí pé irọ́ ò gbọdọ̀ wọ ìwé aláìsàn, ẹ wá fi irọ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ṣé àwọn tí kò sùn yìí lẹ máa ń gbé ọmọ tiyín fún láti gún lábẹ́rẹ́? Àbí ibòmíràn lẹ ń gbé e lọ? Nígbà tí òkú ń buwọ́ lùwé ní ọ́fíìsì yín, ta ló yẹ ká pè ní aláìṣọ́ra?

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ tèmi kò tẹ nǹkan kan ju gọ́ọ̀mù àti abẹ́rẹ́ ìwé lọ, mo sì ń béèrè. Ẹ gba lẹ́tà yín padà, kí ẹ kọ òmíràn tó sọ òótọ́ fún ìyá wa. Ẹ dárúkọ ẹni tó ń kó ìwé yẹn wọ yàrá ìpàdé, kí ẹ jẹ́ kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe tiyín. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó kù sùn.

Àbúrò mi, ìyá wa kò buwọ́ lù ú. Bó bá di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, n ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, n ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé náà kí wọ́n tó pín ìwé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, n ó tún lọ. N kò ní ṣíwọ́ lílọ.