Ohun Tí Akínbọ́lá Ń Ṣe Lóko

Tíṣà ni Akínbọ́lá, àdúgbò Adébáyọ̀ ló sì ń gbé ní Adó-Èkìtì. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á gbé ọkọ́ àti àpò, á gun ọ̀kadà lọ sí oko iṣu rẹ̀ ní Ìgèdè. Owó ọkọ̀ ti wọ́n lákòókò yìí. Ta ló máa san irú owó bẹ́ẹ̀ kó tún gbé ọkọ́ tí kò ní erùpẹ̀ lára bọ̀ wálé? Ohun tí Ẹ̀bùnọlá ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ fura sí nìyẹn. Èkejì ni pé ètè ọkùnrin náà máa ń pọ́n, ó sì máa ń wú díẹ̀.

"Bàbá Ìyìn, kí ló ṣe yín lẹ́nu?"

"Oòrùn ni."

"Oòrùn tí kò kan imú?"

Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin náà rọra tẹ̀lé e. Koríko ti bo ebè iṣu. Àárín rẹ̀ ni Akínbọ́lá dúró sí, tó ń fọn fèrè onídẹ tó ní òun ti tà lọ́jọ́sí, nígbà tí àwọn ará ilé ń pariwo pé kò jẹ́ kí àwọn sinmi.

Ẹ̀bùnọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn igi kòkó wò, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

"Ta lẹ ń fọn ọ́n fún?"

"Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n ni, Ìyá Ìyìn. Mo fẹ́ bá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fọn ọ́n lọ́jọ́ Àjíǹde."

"Ó dáa. Ẹ máa fọn ọ́n lọ, kí n máa gbọ́."

Ó gbé ọkọ́ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko. Nígbàkígbà tí fèrè bá dákẹ́ kí ọkùnrin náà lè mí, á gbé orí sókè wò ó.