Wọ́n Ní Kí N Sunkún Kí Aráyé Lè Ṣàánú Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá gbé mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ lè rántí mi. Èmi ni Sàfúrátù tó máa ń ṣe olorì nínú sinimá àtijọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, tí kálukú á sì gbé àga wá láti ilé. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni mí. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ló gba ìlú wa kọjá, ni mo bá bá wọn lọ. Bàbá mi ní òun ò bí alárìnjó. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé mo wá padà sílé? N ò padà.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Fíìmù wọ́n nígbà náà, kò sí pé a ó máa tún un yà bó ṣe wù wá. Ọ̀gá wa á ní, "Sàfú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ní o." Mo ti bẹ́ sínú odò pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ olorì lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ n ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí fídíò dé, tí ẹgbẹ́ wa tú ká, mo wá sí Kútọnù, mo ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa. Ọ̀dọ̀ Múnírátù ọmọ mi ni mò ń gbé ní Calavi. Ara mi le. Ojú ọ̀tún nìkan ló ń ṣú. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, a sì ti ń tu owó rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lá fi ti Nàìjíríà dé. Àwọn òṣèré àtijọ́ ló máa ń wá kiri, á ya fídíò wọn, á gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú mi dùn. Mo wọ léèsì, mo wé gèlè, mo lé tìróò.

Ó wò mí, ó họ orí. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè tú gèlè yẹn, kí ẹ wá aṣọ tó gbó díẹ̀ wọ̀?"

Mo rò pé n ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí n lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí páànù tó ti dípẹtà wà, kí n sọ pé n ò tíì jẹun láti àná. Mo ní, "Mo jẹ àkàsà àti ẹja díndín láàárọ̀ yìí."

Múnírátù ti sọ ọ̀rọ̀ ojú mi fún un. Ó ní, "Ẹ kàn sunkún díẹ̀, Màmá. Bí àwọn èèyàn bá rí omi lójú yín, wọ́n á fi owó ránṣẹ́, owó iṣẹ́ abẹ yín á sì pé kíá."

Múnírátù fà mí wọ ilé ìdáná. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà. Díẹ̀ ló kù kí ẹ rìn sójú ọ̀nà zẹ́mìjàn lánàá. Bí ọlọ́kadà yẹn ò bá yà ńkọ́?" Òun gan-an ló ń sunkún. N ò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi yẹ̀. Ta ni kò fẹ́ ríran?

Ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi. Ó padà wá wo sinimá mi nígbà kan ní Kétu, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ńṣe ló ń na ìka sí aṣọ funfun náà, tó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi nìyẹn."

Mo jáde. Mo ní, "Kọ́lá, ọmọ mi, òṣèré ni mí. Bí o bá fẹ́ kí n sunkún, mú eré wá. Sọ orúkọ ẹni tí n ó ṣe fún mi, kí o sì san owó iṣẹ́ mi. N ó sunkún débi pé ìwọ náà á wá áńkáṣíìfù. Ṣùgbọ́n Sàfúrátù tó jókòó sílé ara rẹ̀ yìí ò ní í sunkún fún ẹnikẹ́ni."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Mo rò pé ó ti parí.

Àṣé ó ti yà mí nígbà tí tìróò wọ̀ mí lójú tí mò ń nù ún bí ẹni tó ń sunkún. Ohun tó gbé jáde nìyẹn. Ó kọ ọ́ sára fídíò náà pé olorì sinimá ti di alágbe ní Kútọnù.

Àbúrò mi pè láti Pọ́bẹ̀, ó ń ké, ó ní kí ló dé tí mo fi ebi pamọ́ fún òun. Ní Dantokpa, obìnrin kan tí n ò mọ̀ rí ju owó wẹ́wẹ́ sórí aṣọ tí mò ń tà, ó sì yára lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, owó yẹn ta mí bí agbọ́n.

Mo ní kí Múnírátù gbé fóònù rẹ̀ wá, kó ya mí, kó sì gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo wọ léèsì yẹn kan náà, mo jókòó sáàárín ọjà mi. Mo ní, "Èmi Sàfúrátù rèé. N ò ṣagbe. Ojú ń yọ mí lẹ́nu, iṣẹ́ ni mo sì fẹ́ fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ní eré, kó wá bá mi." Ni mo bá dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ olorì tí wọ́n fẹ́ lé kúrò láàfin, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ láyé ọjọ́un. Àwọn Fọ̀n tí kò gbọ́ Yorùbá náà dúró wò mí.

Kọ́lá yọ fídíò tirẹ̀ kúrò. Kò tọrọ àforíjì, n ò sì retí rẹ̀.

Kò pẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe sinimá ní Àjàṣẹ́ wá. Ó jókòó. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Alágbe ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe."

Múnírátù dorí kodò. Èmi ńkọ́? Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí lorúkọ alágbe náà, àwọn ọmọ rẹ̀ dà, kí ló lé e dé títì? Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo ní kó lọ mú àkísà tí n ó wọ̀ wá.

Mo jókòó sínú eruku, mo sunkún. Ẹni tó di kámẹ́rà mú gan-an nu ojú. Nígbà tí wọ́n ní ó tó, mo gbọn aṣọ mi, mo béèrè oúnjẹ.

Owó iṣẹ́ yẹn la fi kún èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ṣe ojú náà. Mo wá ń rí ewú lórí Múnírátù báyìí. Kò fẹ́ kí n máa sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́, kó béèrè, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi béèrè, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ àkísà fún un kó tó ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ní kí ẹ sọ ara yín di yẹpẹrẹ kí òun tó ṣe yín lóore? Èsì wo lẹ fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, kódà bó bá gùn. Fúnra mi ni n ó kà á.